Ìrìn Àjò Sí Òkè Òkun Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì: Ohun Tí Ojú Wa Rí

Láti ìgbà èwe wa ni èmi àti ọkọ mi ti ń sọ pé a ó lọ sí òkè òkun, kì í ṣe láti lọ wá iṣẹ́ tàbí láti lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ, bí kò ṣe láti fi ojú ara wa rí ibi tí a kò dé rí, kí a sì padà sílé. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ gba iwájú, ilé kíkọ́ tẹ̀ lé e, ìtọ́jú àwọn òbí wa tí wọ́n ti darúgbó sì tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà tí àwa méjèèjì fi máa fẹ̀yìn tì, ọkọ mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dùn ún bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Owó ìfẹ̀yìntì wa mọ níwọ̀n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ni ó ní irú èrò yìí lọ́kàn tí wọ́n sì ti gbà pé ó ti kọjá agbára àwọn. Àwọn mìíràn sì wà tí owó ti ṣòfò mọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbéra rárá, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí sílẹ̀, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

A ti kọ orúkọ àwọn ìlú tí a fẹ́ rí sínú ìwé kan láti ọdún pípẹ́: Paris, Rome, Lisbon, Barcelona, Amsterdam àti Vienna. Nígbà tí owó àjẹmọ́nú wa jáde, a lọ bá alágbàtà ìrìn àjò kan tí ó sọ fún wa pé òun lè mú wa dé gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ọ̀wọ́ àwọn arìnrìn-àjò mìíràn. Ó ní kí a kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Mo bi í léèrè bóyá kò yẹ kí a dúró de físà, ó sì dáhùn pé, “Ẹ má bẹ̀rù rárá, mà. Bí wọ́n bá ti rí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ti múra.” Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rà fún wa jẹ́ irú èyí tí ó pọ́ọ́kú, tí ẹni tí ó rà á kò lè dá padà gba owó rẹ̀. Wọn kò fún wa ní físà. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó físà ṣe lọ nìyẹn, nítorí wọn kì í dá owó físà padà fún ẹni tí wọn kò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

N kò lè ṣàlàyé bí ó ti dùn wá tó. Kì í ṣe owó náà nìkan. Nígbà tí ènìyàn bá ti dàgbà, tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí ẹnì kan sì wá kọ̀wé sí i pé àwọn kò gbà pé yóò padà sílé rẹ̀, ìtìjú kan wà nínú rẹ̀ tí kì í yára kúrò lára. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ọmọbìnrin wa sì bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ rò pé orúnkún Dádì lè gba irú wàhálà yìí?” Ìbéèrè náà tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn sí i nígbà náà.

Ìwé tí wọ́n fi dá wa lóhùn ni ó kọ́kọ́ ṣí mi lójú. Nígbà tí ìbànújẹ́ rọlẹ̀, mo jókòó tì í, mo sì fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí wọn kò bá fún ní físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí a fi ń wọ orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù, máa ń gba ìwé tí wọ́n ti sàmì sí ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ohun tí wọ́n sàmì sí lórí tiwa ni pé àlàyé tí a ṣe nípa ìdí ìrìn àjò wa àti bí a ó ṣe gbé níbẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Nígbà tí mo wá yẹ ìwé tí alágbàtà kọ fún wa wò, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlú mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọwọ́ arúgbó méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń tiro. Ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè tí a ó lo ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó kó ìwé wa lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin sọ pé orílẹ̀-èdè tí ènìyàn yóò ti pẹ́ jù lọ ni kí ó ti béèrè físà. Bí ọjọ́ tí yóò lò bá dọ́gba níbi gbogbo, èyí tí yóò kọ́kọ́ wọ̀ ni yóò lọ bá. Èyí tí ó burú jù ni ti owó inú àkáǹtì. Àwọn ọmọ wa, pẹ̀lú ìfẹ́, ti san owó ńlá kan sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, nítorí alágbàtà ní kí ó pọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò kò mọ ìfẹ́ ọmọ sí òbí. Owó tí ó já wọlé lójijì ni ó rí, èyí tí ó dà bí ẹni pé wọ́n yá a.

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí ọkọ mi mú ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ìlú sí, tí ó sì wí pé, “Ìyá Dúpẹ́, ṣé a fẹ́ rí àwọn ìlú wọ̀nyí ni, àbí a kàn fẹ́ sọ pé a dé ibẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ni ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. A mú bírò, a sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò ohun tí ó ń jẹ owó gan-an nínú ètò àkọ́kọ́. A rí i pé ìṣípòpadà ni. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ni ó ń san owó ọkọ̀, owó ẹrù, owó takisí láti ibùdókọ̀, àti owó òtẹ́ẹ̀lì tí ó wọ́n nítorí pé alẹ́ kan tàbí méjì péré ni ó fẹ́ sùn. Kò ní ibi ìdáná, nítorí náà ilé oúnjẹ ni yóò ti máa jẹun láàárọ̀ lálẹ́. Bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, takisí ni yóò máa wọ̀ dípò kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ènìyàn bá dúró sójú kan, gbogbo ìnáwó wọ̀nyí ni yóò lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a ti fẹ̀yìn tì ní àkókò lọ́wọ́. Àkókò yìí ni ọrọ̀ wa. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi owó rà ni àwa lè fi sùúrù rà.

Ìlú márùn-ún ni a fagi lé ní alẹ́ náà. Ó dùn mí nítorí Rome, n kò ní purọ́. Lisbon ni a mú, nítorí pé ibẹ̀ kì í tutù jù, àti nítorí pé ìlú kékeré àti ńlá mìíràn ní Pọ́túgàl kò jìnnà sí i bí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin. A tún yàn láti lọ ní òpin oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá. Ní Yúróòpù, oṣù keje àti ìkẹjọ ni àwọn ilé-ìwé máa ń wà ní ìsinmi tí gbogbo ènìyàn sì ń rìnrìn àjò, nítorí náà owó ilé àti owó ọkọ̀ máa ń gòkè, oòrùn sì máa ń mú gan-an fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí kò ní ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ kò ní ìdí kankan tí ó fi gbọ́dọ̀ lọ nígbà náà. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún dára, ìlàjì oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kẹwàá náà sì dára. Mo kìlọ̀ nípa ìgbà òtútù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà náà ni gbogbo nǹkan pọ́ọ́kú jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Pọ́túgàl kò ní ẹ̀rọ amúlé-gbóná tí ó péye, òtútù tí ó wà nínú ilé sì lè ju ti ìta lọ.

Fún ìbéèrè físà ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwa fúnra wa ni a kọ gbogbo ìwé. Ẹni tí ó bá nílò físà lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń dáhùn láàárín ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n ó lè gùn dé ọjọ́ 45, nítorí náà a fún ara wa láyè. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà ti di 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ènìyàn fẹ́ kúrò níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é, ojú ìwé méjì sì gbọ́dọ̀ ṣófo nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn lágbàáyé ń béèrè oṣù mẹ́fà, nítorí náà ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ òpin, kí ó tètè lọ ṣe tuntun kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan sórí ohun mìíràn.

Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì kò ní ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́, ìyẹn sì ni ohun tí ó máa ń dá àwọn ẹgbẹ́ wa dúró. Ohun tí a fi dípò rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì wa bí ó ti ń wọlé lóṣooṣù, ìwé ilé wa, àti àkáǹtì tí a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni san owó kún. Owó inú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni ó ní orísun tí ó hàn kedere. A kọ lẹ́tà kúkúrú kan tí ó sọ òtítọ́: pé a ti darúgbó, pé ìlú kan ni a fẹ́ gbé, pé a ó gun ọkọ̀ ojú irin lọ sí Coimbra, ìlú mìíràn ní Pọ́túgàl, fún ọjọ́ díẹ̀, àti pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa wà nílé tí a ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ wọn. Dípò tíkẹ́ẹ̀tì tí a ti sanwó rẹ̀, ìwé ìfààyèsílẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ni a fi kún un, ilé tí a bá sọ̀rọ̀ sì jẹ́ èyí tí a lè fagi lé láìsan nǹkan. Wọ́n fún wa ní físà náà. Ọkọ mi ka ìwé náà léraléra kí ó tó gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ adójútòfò, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí ó bá ń béèrè físà Schengen gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìrìn àjò tí yóò san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìtọ́jú pàjáwìrì, ilé ìwòsàn, àti owó láti gbé aláìsàn tàbí òkú padà sílé. Àwọn tí ó ń tà á kò dọ́gba. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga sí i ni owó rẹ̀ ń ga sí i, àwọn kan kì í sì í ta á fún ẹni tí ó bá ti kọjá ọjọ́ orí kan. Ọkùnrin kan tí a bá sọ̀rọ̀ ní kí a má ṣe mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀ ríru, pé owó rẹ̀ yóò dín kù. Ọkọ mi dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ìwé adójútòfò tí a fi irọ́ gbà kò wúlò ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ dókítà ni ìtàn àìsàn ẹni náà. A rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó gba àlàyé wa, tí ó fi owó díẹ̀ kún un, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn mọ̀ nípa àìsàn náà. Owó tí ó lé yẹn ni mo kà sí owó tí a ná dáadáa jù nínú gbogbo ètò wa. Ẹni tí ó bá ń wá ìrìn àjò tí ó pọ́ọ́kú, kí ó gé owó òtẹ́ẹ̀lì, kí ó gé owó takisí, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gé owó adójútòfò.

Ṣáájú kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a lọ rí dókítà wa, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti rà á. Ó kọ orúkọ gbogbo oògùn ọkọ mi sílẹ̀, orúkọ tí oògùn náà ń jẹ́ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fún un, nítorí pé orúkọ ilé-iṣẹ́ máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ó ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ nínú páálí tí wọ́n bá wá, kí a mú èyí tí yóò lé díẹ̀ ní iye ọjọ́ wa, kí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú báàgì ọwọ́, nítorí pé ẹrù tí a fi sí abẹ́ ọkọ̀ lè sọnù. Ẹni tí ó bá ń lo insulin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè dì sí yìnyín nísàlẹ̀ ọkọ̀, kò sì ní wúlò mọ́. Òfin tí ó ní ohun olómi nínú báàgì ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju 100 mílílítà lọ máa ń yọ oògùn tí dókítà kọ sílẹ̀, bí ìwé rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹni. Kí ẹni tí ó bá ń lọ sí ibòmíràn tún wádìí òfin oògùn ibẹ̀: ní Jàpáànù, fún àpẹẹrẹ, oògùn ọ̀fìnkìn tí èròjà kan tí ń jẹ́ pseudoephedrine nínú rẹ̀ bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ kò gbọdọ̀ wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń rà láìwá ìwé dókítà níbòmíràn.

Dókítà náà sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ wa pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ fún ohun tí ó ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ewu náà sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń dàgbà. Ó fún ọkọ mi ní ìbọ̀sẹ̀ tí ó máa ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó fún un, nítorí èyí tí kò bá wọ̀ ọ́ dáadáa lè ṣe ìpalára. A bẹ̀bẹ̀ fún ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ó lè máa dìde rìn láìjí ẹlòmíràn. Ní ti ìrànlọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìgbéraga fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lára. Ọkọ mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àga onítáyà gbé òun. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ọ̀nà inú pápákọ̀ ńlá gùn púpọ̀, pé bí ó bá fi orúnkún rẹ̀ rìn wọ́n tán, kò ní sí agbára fún Lisbon mọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀fẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ yìí, bí a bá ti sọ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní wákàtí 48 ṣáájú. Ó gbà níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì rán mi létí rẹ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni a rà láti ilé dé Lisbon, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ìbá dín owó kù. Ọkọ̀ wa àkọ́kọ́ pẹ́ gan-an kí ó tó gbéra, èkejì sì ti lọ kí a tó dé. Nítorí pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni méjèèjì wà, ilé-iṣẹ́ náà fi wá sínú ọkọ̀ mìíràn láìgba owó. A rí tọkọtaya kan níbẹ̀ tí wọ́n rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì ní láti ra tuntun ní iye tí ó wà lójú pátákó ní ọjọ́ náà. Ojú obìnrin náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ilé tí a gbé ní Lisbon ni a fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá. Orí òkè ni ìlú náà wà, àwọn òpópónà rẹ̀ sì jẹ́ òkúta kéékèèké tí a tò sílẹ̀, tí ó máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ẹni tí orúnkún ń dùn mọ̀: ní Yúróòpù, wọn kì í ka ilẹ̀ mọ́ iye àjà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ilé wà ní àjà kejì, ènìyàn yóò gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ibẹ̀. Mo kọ̀wé sí onílé láti béèrè iye àtẹ̀gùn tí ó wà láti ojú títì dé ẹnu ìlẹ̀kùn wa, mo tún béèrè bóyá ọ̀nà láti ibùdókọ̀ dé ilé tẹ́jú. Àwọn kan kò dá mi lóhùn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó dáhùn dáadáa ni a gba ilé rẹ̀. Nítorí pé a dúró pẹ́, ó gé owó ilé náà kù, bí ọ̀pọ̀ onílé ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí ó bá gbé oṣù kan.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, a kò ṣe nǹkan kan. A sùn, a ra oúnjẹ, a wo ọ̀nà ilé. Bí ìyàtọ̀ wákàtí láàárín ibi tí ènìyàn ti wá àti ibi tí ó lọ bá pọ̀, a máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ara nílò bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ó tó mọ́ra, ó sì máa ń le jù bí ènìyàn bá lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Nínú ètò alágbàtà, a ìbá ti kúrò ní ìlú àkọ́kọ́ kí ara tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun kan péré ni a ń ṣe lóòjọ́. A máa ń jáde láàárọ̀, a ó jẹun ọ̀sán ní ilé oúnjẹ nítorí pé oúnjẹ ọ̀sán pọ́ọ́kú ju ti alẹ́ lọ níbẹ̀, a ó sì padà wá se oúnjẹ alẹ́ fúnra wa. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó dùn mọ́ wa jù ni kò ná wa ní nǹkan kan: ìjókòó létí odò Tejo, àti àwọn orí òkè tí a ti lè rí gbogbo ìlú, bí i São Pedro de Alcântara. A sanwó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Carmo, èyí tí òrùlé rẹ̀ wó lulẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mì ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, tí wọn kò sì bò ó mọ́ láti ìgbà náà. A pẹ́ níbẹ̀, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ lórí wa láàárín àwọn òpó, kò sì sí ẹni tí ó ń lé wa pé ọkọ̀ ti fẹ́ lọ.

Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 máa ń san ìdajì owó nínú ọkọ̀ ojú irin ìjọba ní Pọ́túgàl, bí ó bá ti mú ìwé tí ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn lọ́wọ́. Ọkọ mi ti kọjá iye náà, èmi kò tíì pé e, nítorí náà owó tèmi ju tirẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn sí èyí títí a fi dé Coimbra. Yunifásítì tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1290, àdán sì ń gbé inú ilé ìkàwé rẹ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń jẹ kòkòrò tí ìbá ba ìwé jẹ́ lálaalẹ́. Orí òkè gíga ni ó wà. A wọ takisí gòkè, a sì fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ń sinmi lójú ọ̀nà. Irú ibẹ̀ ni ó yẹ kí owó takisí lọ, kì í ṣe láti ibùdókọ̀ kan sí òmíràn. Kí ẹni tí ó bá ń rìnrìn àjò máa béèrè ẹ̀dínwó àgbà níbi gbogbo, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní sọ ọ́ fún un bí kò bá béèrè.

Ní ọjọ́ kan tí a ti padà sí Lisbon, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọkọ mi gidigidi, ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Mo mú un wọ ilé oògùn tí ó súnmọ́ wa jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé oògùn ní Pọ́túgàl ni wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Obìnrin tí ó wọ̀n ọ́n kò fẹ́ràn ohun tí ó rí, ó ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní gbogbo Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni 112, ṣùgbọ́n ọkọ mi ṣì ń sọ̀rọ̀ ó sì ń rìn, nítorí náà takisí ni a wọ̀. Inú takisí ni mo ti pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí mo ti kọ sínú ìwé kékeré kan nínú báàgì mi. Wọ́n sọ ilé ìwòsàn tí a ó lọ fún mi, wọ́n sì ní kí n tọ́jú gbogbo ìwé owó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ohun tí mo ń rò ni pé bí ó bá jẹ́ pé a ti gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, tí a sì pa ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, kí ni n ó máa sọ fún wọn nísinsìnyí? Dókítà ka ìwé tí dókítà wa kọ, ó mọ gbogbo oògùn náà láti orúkọ wọn, ó sì tún ìwọ̀n ọ̀kan ṣe. A sùn níbẹ̀ mọ́júmọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san owó náà. Àwọn ọmọ wa ní kí a máa bọ̀ nílé lọ́gán, ṣùgbọ́n dókítà ní ìsinmi ni ó dára fún un ju ọkọ̀ òfurufú lọ, ilé tí a gbà sì ṣì jẹ́ tiwa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sí òtẹ́ẹ̀lì ìlú mìíràn tí ń dúró dè wá. Ó sinmi, ara rẹ̀ sì yá.

Nípa owó níná, ohun kan wà tí ó ń mú owó lọ lọ́wọ́ àwọn àlejò láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Bí ènìyàn bá fi káàdì sanwó tàbí tí ó gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà lè bi í bóyá ó fẹ́ san án ní owó orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Ó máa ń dà bí oore, ṣùgbọ́n iye pàṣípààrọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún un kì í sábà dára. Owó ibi tí ènìyàn wà ni kí ó yàn nígbà gbogbo. Káàdì méjì ni a mú dání, ọ̀kan lọ́wọ́ ọkọ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, a kò sì kó méjèèjì sínú báàgì kan náà rí. Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà wa, físà àti ìwé adójútòfò wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin wa nílé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti iye ọjọ́, nítorí mo rí ẹni tí ó fẹ́ kó sí wàhálà nítorí rẹ̀. Lórí físà Schengen, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn tún wà tí ó ń sọ iye ọjọ́ tí ènìyàn lè lò láàárín wọn. Nọ́ńbà yìí ni ó ṣe pàtàkì, ó sì lè kéré púpọ̀ sí àlàfo ọjọ́ méjèèjì. Ọjọ́ tí a wọlé àti ọjọ́ tí a jáde, wọ́n ka méjèèjì. Ẹni tí wọ́n sì fún ní ọjọ́ tí ó pọ̀ jù kò lè ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí, ní gbogbo orílẹ̀-èdè 29 náà pọ̀, kì í ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kọjá iye ọjọ́ rẹ̀ lè san owó ìtanràn, ó sì lè ṣòro fún un láti rí físà gbà mọ́.

A ti padà wálé láti ìgbà náà. Mo tọ́jú ìwé ìwọkọ̀ wa, ìwé owó ilé tí a gbé, àti ìwé tí ilé ìwòsàn fún wa, nítorí pé físà tí a lò bí ó ti tọ́, tí a sì padà ní ọjọ́ tí a sọ, wà lára ohun tí wọn yóò wò nígbà tí a bá tún béèrè. Rome ni ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ó ti gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sí àwọn ilé ìṣẹ̀m̀báyé ìjọba ní Ítálì ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù, ó sì ti ń wá ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò pọ̀ sí ìhà tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. A kò tíì mú ọjọ́ kankan. Ní oṣù tí ń bọ̀ ni dókítà yóò tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ohun tí ó bá sọ ni a ó fi pinnu bóyá oṣù kẹrin ni àbí kí ó di oṣù kẹwàá.